Owó Kékeré, Kọ̀ǹpútà Àtijọ́: Kí Ló Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Pààrọ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe géèmù ní ilẹ̀ wa ni a kò ṣe fún géèmù rárá. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni wọ́n. Dell OptiPlex, HP EliteDesk àti Lenovo ThinkCentre tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ti lò tẹ́lẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ń kó wọlé, tí wọ́n sì ń tà gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀ ní Computer Village, ní Ìkẹjà, àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn. Wọn kì í tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n géèmù ń wúwo sí i lọ́dọọdún, àti pé nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò lójú ẹ̀rọ, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sí ọkàn ọ̀dọ́ ni pé kí òun lọ ra káàdì graphics. Èmi kò lòdì sí káàdì. Ipò tí a fi í sí nínú ètò ìnáwó ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: Dell OptiPlex 9020, tó jáde ní ọdún 2013, tó ń lo Core i5 ìran kẹrin ti Intel. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí, ẹ ṣí géèmù tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ sì tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager yóò ṣí. Ẹ lọ sí Performance, kí ẹ wo ohun tó kún dé góńgó nígbà tí eré bá ń kólòlò: ṣé CPU, tíí ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni, ṣé RAM, ṣé dísíkì, àbí graphics fúnra rẹ̀? Ibẹ̀ ni àrùn wà. Ẹni tí RAM rẹ̀ kún, tó sì lọ ra káàdì, yóò tún bá ìkólòlò náà nílé.

Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú. Eruku a máa di ihò fáànù pa, ní àkókò ọyẹ́ pàápàá, bẹ́ẹ̀ sì ni CPU tí ooru bá mú ju bó ti yẹ lọ yóò dẹ ìsáré ara rẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti thermal paste tuntun kò gba owó púpọ̀.

Ó wọ́pọ̀ pé dísíkì ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Hard disk àtijọ́ ń ka nǹkan bí 100 sí 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD tí a so mọ́ okùn SATA kan náà ń ka nǹkan bí 500MB. Kò ní sọ àwòrán géèmù di ẹlẹ́wà. Ohun tó ń ṣe ni pé géèmù ń tètè ṣí, kọ̀ǹpútà náà sì ń tètè jí. Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sórí géèmù nìkan: àbúrò tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB àti ìyá tó ń tẹ ìṣirò ọjà rẹ̀ ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, òun ló rọrùn jù lọ láti tọrọ ìrànwọ́ owó fún lọ́wọ́ àwọn òbí!

Ní ti RAM, DDR3 ni 9020 ń lò. DDR4 kò lè wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni RAM kọ̀ǹpútà alágbèéká kò lè wọ̀ ọ́. Àwọn tó ṣe GTA V dámọ̀ràn 8GB. Ẹyọ méjì tó jẹ́ 4GB sì sàn ju ẹyọ kan tó jẹ́ 8GB lọ, nítorí pé CPU lè bá méjèèjì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wàyí o, káàdì. Ẹ̀rọ tí ń pín iná nínú 9020 onígogoro kò ju 290 wáàtì lọ, ojú ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ kò sì lè fún un ju 75 wáàtì lọ. Ìdí nìyẹn tí GTX 1050 Ti ti ọdún 2016 àti GTX 1650 ti ọdún 2019 fi bá a mu: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nílò okùn iná mìíràn. Mo ní ọ̀pọ̀, nítorí pé àwọn kan wà tó ní ihò okùn iná lára. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ pẹlẹbẹ, káàdì kúkúrú nìkan ló lè wọ̀ ọ́.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ kúkú pààrọ̀ ẹ̀rọ iná náà, kí ẹ lè ra káàdì ńlá. Okùn iná Dell yìí yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé, ẹ óò nílò okùn àsopọ̀. Èyí tó burú jù ni ẹ̀rọ iná olówó pọ́ọ́kú tí a kọ 500 wáàtì sí lára, tí kò lè gbé ìdajì rẹ̀. Bí ó bá bẹ́, ó lè pa káàdì, pátákó kọ̀ǹpútà àti dísíkì tí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí a ń bọ́ láti orí iná ìjọba sórí jẹnẹrétọ̀, UPS ni kí ẹ fi owó náà rà.

Ayédèrú káàdì pọ̀ lọ́jà pẹ̀lú. Wọ́n ń kọ orúkọ GTX 1050 Ti sínú káàdì tó ti pẹ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ, Windows pàápàá yóò sì gbà á gbọ́. GPU-Z, tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń tú ọ̀pọ̀ wọn fó. Ẹ gbé e sórí flash lọ sọ́jà, kí ẹ ní kí ọlọ́jà so káàdì náà mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó sì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú yín. Bí ẹ bá délé, ara káàdì ni kí ẹ so okùn ojú ẹ̀rọ mọ́. Bí ó bá wà lára pátákó, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ibo ni ó yẹ kí ìnáwó dúró? Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró fún gbogbogbòò ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025. CPU Intel ìran kẹjọ sókè, àyàfi díẹ̀, ni Windows 11 sì fọwọ́ sí. 9020 kò sí nínú wọn. Linux yóò gbà á tayọ̀tayọ̀, Steam sì ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Valorant àti EA Sports FC 24 kò sí lára wọn, nítorí ètò tí wọ́n fi ń dènà màgòmágó.

Ohun tí èmi yóò ṣe rèé. SSD àti káàdì lè bá yín lọ sínú kọ̀ǹpútà tí ẹ bá rà lọ́jọ́ iwájú. DDR3 kò lè bá yín lọ. Ẹ máa ná owó sórí ohun tí ń ṣí lọ, kí ẹ sì ra DDR3 mọ níwọ̀n. Bí gbogbo ìnáwó náà bá ti fẹ́ kọjá ìdajì owó tòkunbọ̀ tó ní i5 ìran kẹjọ, irú bíi OptiPlex 7060, ẹ so owó náà mọ́lẹ̀ títí yóò fi pé. Ẹ tú SSD inú 9020 sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé.