Ẹṣin tí kì í jẹ koríko: ta ni owó orí tẹ́tẹ́ ń bà?

Nísàlẹ̀ Òkè Mápó ní Ìbàdàn, lọ́nà Ọjà'ba, ẹṣin ń sáré lójú tẹlifíṣọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kan. Kọ̀ǹpútà ló ń mú wọn sáré. Wọn kì í jẹ koríko, wọn ò sì ní ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n. Ọmọkùnrin kan fún tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀: “Ẹyọ kan péré ló já mi!”

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò kọjá Àbújá mọ́. Ọwọ́ Agodi, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ̀rọ̀ Mápó wà nìyẹn. Èkó ti mú ọ̀nà tirẹ̀: ní 2025, wọ́n ní kí wọ́n máa yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lára èrè ẹni tó bá jẹ. Ẹni tó fi 200 náírà ta, tó jẹ 10,000, èrè rẹ̀ jẹ́ 9,800, 490 lọ. Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já kò san kọ́bọ̀ owó orí, bẹ́ẹ̀ owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ fi ń polówó káàkiri. Gánà gbé tiwọn dé 10 ní 2023. Ní 2025 wọ́n wọ́gi lé e.

Bó bá jẹ́ ìpolówó la fẹ́ dín kù, owó tó kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó àwọn tó jẹ ló yẹ ká ti bu owó orí. Kenya dán an wò ní 2018, wọ́n gbé e láti 7.5 dé 35. Kíá ni ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ SportPesa fawọ́ ìgbọ̀wọ́ sẹ́yìn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Gor Mahia àti AFC Leopards nílé. Ti Everton ní England ńkọ́? Orúkọ wọn ṣì wà láyà aṣọ nígbà náà. Ọmọ ilé ni ebi kọ́kọ́ pa.

Ní Bìrìtéènì, ẹṣin tó ń jẹ koríko ni tiwọn. Òfin ní kí ìdá 10 èrè tẹ́tẹ́ orí ẹṣin padà sọ́dọ̀ eré náà. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gbé owó orí tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì sókè, àwọn elẹ́ṣin fagi lé eré ọjọ́ kan, 10 oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n lọ ké ní Westminster pé yóò pa eré àwọn. Wọ́n rí i gbà: láti oṣù Kẹrin 2027, tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yòókù yóò kúrò ní 15 bọ́ sí 25, ti ẹṣin yóò dúró sí 15. Kàsínò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló jìyà jù, láti 21 sí 40.

Àwíjàre yẹn kò bá Mápó mu rárá. Kò sí ẹṣin tí ebi máa pa níbí, kò sí olùtọ́jú tí iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Agodi bá bu owó orí lára èrè ilé iṣẹ́ lórí eré kọ̀ǹpútà yìí, ẹni tó bá ní yóò pa eré ìdárayá, kó wá fi pápá tí wọ́n ti ń sá a hàn wá.