Aṣọ Ìbora Alábùlẹ̀ àti Ìpàdé Ẹbí ní Amẹ́ríkà

Bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀, wo ilẹ̀ dáadáa. O ó rí àgékù aṣọ lóríṣiríṣi: àǹkárá, léèsì, àdìrẹ. Àwọn ọmọdé a máa ṣà wọ́n láti fi ṣe aṣọ fún ọmọláńgidi. Bí o bá sì ti rí aṣọ egúngún rí, o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ aṣọ oríṣiríṣi tí a rán mọ́ ara wọn, àti pé ẹbí a máa fi aṣọ tuntun kún un láti ọdún dé ọdún.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jẹ́ ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ní aṣọ ìbora tí wọ́n ń fi àgékù aṣọ rán. Kúìlìtì ni wọ́n ń pè é. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó rí bí a ṣe ń ṣe kúìlìtì. A ó sì rí bí aṣọ yìí àti ìrìn àjò ṣe ń so ẹbí tí ó ti tú ká pọ̀.

Ìpele mẹ́ta ni kúìlìtì ní. Èyí tí ó wà lókè ni ojú aṣọ. Òun ni a fi àgékù tò. Èyí tí ó wà láàárín ni òwú, nítorí òwú ni í mú kí ara móoru. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni ẹ̀yìn aṣọ. Láyé àtijọ́, àpò ìyẹ̀fun tàbí àpò ajílẹ̀ tí a ti fọ̀ mọ́ ni wọ́n sábà máa ń tú láti fi ṣe é.

Kí obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí rán ojú aṣọ, yóò kọ́kọ́ gé àwọn àgékù náà ní tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ní onígun mẹ́rin. Yóò tò wọ́n sílẹ̀, yóò dìde, yóò sì wò wọ́n láti òkèèrè. Bí àwọ̀ kan bá ń bá èkejì jà, yóò mú un kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn ọnà tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Òrùlé. A ó fi aṣọ kékeré onígun mẹ́rin sí àárín, a ó sì máa rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, yóò máa fẹ̀ sí i, títí yóò fi tó bo bẹ́ẹ̀dì. Bí o bá wò ó, àfi bí ẹni pé o wà lójú òfuurufú, tí o ń wo òrùlé ilé kan nísàlẹ̀.

Ẹnì kan lè dá rán ojú aṣọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni rírán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Wọn a na aṣọ náà mọ́ igi mẹ́rin tí a dè pọ̀. Ní ilé mìíràn, okùn ni wọ́n fi ń so igi yìí kọ́ òkè àjà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́, wọn a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ṣíwọ́, wọn a fà á sókè kí ilé lè gba ènìyàn. Ìyá àgbà, ìyá, àbúrò ìyá àti àwọn aládùúgbò a jókòó yí i ká. Wọn a máa gún abẹ́rẹ́, wọn a máa kọrin, wọn a sì máa tàkúrọ̀sọ. Kí ni iṣẹ́ àwọn ọmọdé? Àwọn ni wọ́n ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ fún àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Abẹ́ aṣọ náà ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbọ́ ìtàn ìdílé wọn.

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Alabama tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí kúìlìtì. Gee's Bend ni orúkọ rẹ̀. Odò Alabama tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ yí ibẹ̀ ká, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di erékùṣù. Ní ọdún 1846, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Mark Pettway kó nǹkan bí 100 ẹrú wá síbẹ̀ láti North Carolina, ọ̀nà tí ó ju 700 kìlómítà lọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Nígbà tí a fi òpin sí oko ẹrú ní ọdún 1865, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kúrò níbẹ̀. Orúkọ olówó wọn ni wọ́n sì ń jẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò bá ara wọn tan fi ń jẹ́ Pettway ní Gee's Bend títí di òní.

Ilé onígi ni wọ́n ń gbé nígbà náà, afẹ́fẹ́ a sì máa gba àlàfo igi wọlé. Má ṣe fi ọyẹ́ wa wé òtútù ibẹ̀ o. Omi inú garawa lè di yìnyín mọ́jú. Wọn a lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ara ògiri, wọn a sì to kúìlìtì lé ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọn kò ní owó tí wọn yóò fi ra kúbùsù. Ní ọdún 1932, a tilẹ̀ kó ẹran ọ̀sìn, oúnjẹ àti irinṣẹ́ oko ọ̀pọ̀ ìdílé lọ nítorí gbèsè. Ṣòkòtò oko tí orúnkún rẹ̀ ti já, ẹ̀wù tí ó ti ṣá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gé rán.

Ní nǹkan bí ọdún 1942, ọkọ obìnrin kan ní Gee's Bend kú. Missouri Pettway ni orúkọ obìnrin náà. Ó kó aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ jọ, ó sì gé wọn. Arlonzia ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé 20 ọdún, ni ó ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí Arlonzia dàgbà, ó ṣàlàyé pé ìyá òun fẹ́ máa fi kúìlìtì náà rántí bàbá òun, kí ó sì máa fi bora nítorí ìfẹ́ tí ó ní sí i. Nílẹ̀ wa, àwọn ọmọ a máa pín aṣọ òbí wọn tí ó kú. Olúkúlùkù a mú tirẹ̀ lọ. Ní ti Missouri, a gé aṣọ náà, ṣùgbọ́n a kò pín in. Bí o bá wo irú kúìlìtì aṣọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, o lè rí ojú ibi tí àpò ṣòkòtò wà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ máa ń dúdú ju ìyókù lọ, nítorí àpò kò jẹ́ kí oòrùn pa á.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Òdìkejì odò ni ìlú Camden wà, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará Gee's Bend fi ń sọdá síbẹ̀. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń jà fún ẹ̀tọ́ àtidìbò, a dá ọkọ̀ náà dúró ní ọdún 1962. Àwọn ará Gee's Bend gbà pé kí wọ́n má baà lè lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ni a ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹbí rẹ̀ ní òdìkejì odò ní láti gba ojú títì yí ká, ìrìn tí ó tó 60 kìlómítà. Rò ó wò! Odò tí ènìyàn dúró sí etí rẹ̀ tí ó ń wo òdìkejì! Ọdún 2006 ni ọkọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò, lẹ́yìn ọdún 44.

Láàárín àkókò yẹn, ayé ti gbọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní ọdún 1966, àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀ láti máa ta kúìlìtì. Ní ọdún 2002, a pàtẹ kúìlìtì Gee's Bend ní ìlú Houston fún ènìyàn láti wò. Ní ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán 10 nínú wọn sára sitámpù. Kúìlìtì tí Missouri fi aṣọ ọkọ rẹ̀ rán náà ti wà ní National Gallery of Art ní ìlú Washington. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń ṣe mí bíi pé aṣọ tí a gbé kọ́ ara ògiri kò tún lè mú ẹnikẹ́ni móoru mọ́.

Kì í ṣe odò nìkan ni ó pín ẹbí níyà. Láti nǹkan bí ọdún 1910 sí 1970, nǹkan bí 6,000,000 aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ sí àwọn ìlú bíi Chicago, Detroit àti New York. Wọ́n ń wá iṣẹ́, wọ́n sì ń sá fún ìyà. Bí ìsinmi bá dé, wọn a kó àwọn ọmọ sínú mọ́tò, wọn a lọ kí ìyá àgbà ní gúúsù. Láti Detroit dé Alabama ju 1,000 kìlómítà lọ.

Ìrìn náà léwu. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ojú ọ̀nà ni kò gba aláwọ̀ dúdú láàyè. Nítorí náà, kí wọ́n tó gbéra, ìyá a din adìẹ, a se ẹyin, a sì kó wọn pẹ̀lú búrẹ́dì sínú páálí bàtà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, inú mọ́tò ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn sí. Ọ̀gbẹ́ni Victor Hugo Green, ará New York tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípín lẹ́tà, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kékeré kan jáde ní ọdún 1936. Ó to orúkọ àwọn ibi tí aláwọ̀ dúdú ti lè sùn tàbí jẹun láìsí ìyọnu sínú rẹ̀. Ní ọdún 1964, òfin ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìwé náà fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní ìpàdé ẹbí. Àwọn kan ń ṣe é lọ́dọọdún, àwọn mìíràn ní ọdún méjì-méjì, pàápàá ní oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ tí ilé-ìwé ti gba ìsinmi. Gbogbo wọn a wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà tí a tẹ orúkọ ìdílé sí lára. Ìwọ náà mọ èyí: aṣọ ẹbí ni. Wọn a sun ẹran, wọn a gbàdúrà, wọn a ka orúkọ àwọn tí ó ti kú. Wọn a pe ẹni tí ó dàgbà jù àti ọmọ tí ó kéré jù síta kí gbogbo ènìyàn lè rí wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò tí kò mọ ara wọn rí a di ọ̀rẹ́.

Ní ìdílé mìíràn, kúìlìtì ẹbí wà. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, a ó ti ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n mú aṣọ onígun mẹ́rin kan wá, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì dọ́gba. Ilé kan lè kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn sí tiwọn. Ilé mìíràn lè gé tiwọn lára ẹ̀wù bàbá àgbà tí ó ti kú. Àwọn tí ó mọ abẹ́rẹ́ í lò a wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí kúìlìtì náà bá ti parí, wọ́n lè fún àgbà ìdílé, tàbí kí wọ́n ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò gbé e lọ. Ẹni tí ó bá gbé e lọ ni yóò tọ́jú rẹ̀, tí yóò sì tún dì í sínú mọ́tò nígbà tí ìpàdé mìíràn bá dé.