Ojú Ará Àdúgbò, Ọwọ́ Ọlọ́pàá

Kí òyìnbó tó kó iṣẹ́ ọlọ́pàá wọ ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu odi ni ààbò ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀: oníbodè jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àlejò tí yóò kọjá ní láti sọ ilé ẹni tí ó ń lọ, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, àwọn ọdẹ, ògbójú tí òkùnkùn kì í bà lẹ́rù, ni ìlú a máa fi òru lé lọ́wọ́. Lónìí odi ti wó, ìlú ti fẹjú, ẹni tí ó sì yá yàrá ẹ̀gbẹ́ wa gbé, a lè má mọ orúkọ rẹ̀ títí yóò fi kó lọ.

Ọlọ́pàá tí ìjọba àpapọ̀ fi ránṣẹ́ sí àgọ́ àdúgbò lè jẹ́ àlejò bákan náà. Ó ní ìbọn, ó ní òfin, ó ní àhámọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ilé àkọ́kù ẹ̀yìn ọjà ni àwọn ọmọ kan ń kóra jọ sí lálaalẹ́. Ìyá tí ń din àkàrà ní oríta ni ó mọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ìjọba pàápàá ti rí i bẹ́ẹ̀. Èkó fi òfin dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ àdúgbò sílẹ̀ lọ́dún 2016, kí wọ́n máa wò, kí wọ́n máa gbọ́, kí wọ́n sì máa ròyìn fún ọlọ́pàá. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wa ṣí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ní ọdún kan náà, Òfin Ọlọ́pàá tuntun ní kí ìgbìmọ̀ tí ọlọ́pàá àti ará ìlú yóò ti jọ máa jókòó wà káàkiri.

Ṣùgbọ́n ibi tí bàtà ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀ kò sí nínú ìwé òfin. Ẹni tí ó lọ fi ọ̀rọ̀ tó DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, létí láàárọ̀, tí ìyá afurasí sì wá ń bú u lójúde rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ṣé yóò tún lanu mọ́ láyé? Àṣírí kan ṣoṣo tí ó bá tú ní àgọ́ ọlọ́pàá, gbogbo òpópónà ni ó dí lẹ́nu. Àwa náà kò sì mọ́ délẹ̀délẹ̀. Ìgbà mélòó ni ará àdúgbò ti mú afurasí, tí wọ́n fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn, tí wọ́n sì ṣáná sí i! Bí kì í bá ṣe olè rárá ńkọ́? Bí ó bá sì jẹ́ olè, òkú kò lè dárúkọ agbódegbà tí ń ra ẹrù rẹ̀. Agbódegbà yóò sì wá ẹlòmíràn rán níṣẹ́ kí oṣù tó lé.

Ní àdúgbò tèmi, owó oṣooṣù tí ẹgbẹ́ onílé ń dá ni a fi ń sanwó ọlọ́dẹ. Ní agogo kan òru, ọlọ́dẹ a máa fi irin lu òpó iná lẹ́ẹ̀kan. Ní agogo méjì, lẹ́ẹ̀mejì. Ní òru tí a kò bá gbọ́ ìró irin náà, a kì í kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn: àgọ́ ọlọ́pàá ni a ń pè.