Aago Tí Ń Bẹ Nínú Ara Wa

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ǹjẹ́ ẹ ti kíyè sí i pé ẹni tó ti mọ́ lára láti máa jí ní aago márùn-ún yóò jí lákòókò náà, bí àkùkọ kò tilẹ̀ kọ? Aago kan ń bẹ nínú ara ènìyàn tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 1729, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Jacques de Mairan, gbé ewéko kan tó jẹ́ irú patanmọ́ sínú òkùnkùn. Oòrùn kò tàn sí i, síbẹ̀ ewé rẹ̀ ń ṣí lọ́sàn-án, ó sì ń pa dé lálẹ́. Ní ọdún 1962, ọmọ Faransé mìíràn, Michel Siffre, lo oṣù méjì nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ láìní aago lọ́wọ́. Nígbà tó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, ó rò pé ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ni. Òun ṣi ọjọ́ kà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń sùn, ó sì ń jí, ní nǹkan bíi wákàtí 24 ó lé díẹ̀.

Níbo ni aago náà wà? Inú ọpọlọ ni, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Bíi 20,000 sẹ́ẹ̀lì ló pa pọ̀ jẹ́ ẹ, kò sì tó hóró ìrẹsì kan. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ a tú èròjà melatonin sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi kéde òru fún gbogbo ara. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, ara a tutù jù, ojú a sì wúwo jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ gbé àwọn ará padà láti ibi ìṣọ́ òru, ẹ má ṣe bá oorun jìjàkadì lójú títì. Bó ti wù kí ọkàn gbóná tó, ara ń gbọ́ ti aago rẹ̀. Ẹ sùn díẹ̀ ná, kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbéra.

Bí baálé tàbí ìyàwó ilé bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, ẹ fa kọ́tìnì, kí ẹ sì kó àwọn ọmọdé lọ ṣeré níbòmíràn. Ní ọdún 2007, ẹ̀ka tó ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ òru tó ń da aago yìí rú máa fa jẹjẹrẹ. Oorun ọ̀sán wọn kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kì í tètè sùn náà ńkọ́? Aago àwọn ọ̀dọ́ máa ń falẹ̀ ju ti àgbà lọ. Kí ẹ tó nawọ́ sí pàṣán, ẹ kọ́kọ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́, kí ẹ sì ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu láàárọ̀.