Ibo Ló Ń Dùn Ọ́?

Bí inú bá ń run ọ́ tí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà yóò bi ọ́ pé, "Ibo ló ń dùn ọ́?" Bí o bá dáhùn pé, "Inú ni," ìdáhùn rẹ kò tíì kún tó. Ṣé òkè ìdodo ni tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Ṣé apá ọ̀tún ni tàbí apá òsì? Ẹ̀dọ̀ wà ní apá ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà. Àpò tí oúnjẹ ń wọ̀ sí tẹ̀ sí apá òsì. Nítorí náà, ibi tí ó ń dùn ọ́ lè ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ó fà á.

Kí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn lè bára mu, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà ro ara. Dìde dúró ṣánṣán. Kọjú síwájú. Jẹ́ kí apá rẹ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ sì kọjú síwájú. Báyìí ni a ó máa ro ara, bí aláìsàn tilẹ̀ dùbúlẹ̀.

Bí o ti dúró yìí, orí wà lókè ọrùn, orúnkún sì wà ní ìsàlẹ̀ itan. Ìgúnpá wà lókè ọrùn ọwọ́. Bí o bá tilẹ̀ na ọwọ́ sókè, a kò ní yí i padà. Àyà àti ìdodo wà níwájú. Ìpàkọ́ àti gìgísẹ̀ wà lẹ́yìn. Imú wà láàárín. Etí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Awọ wà lóde. Egungun wà nínú.

Nísinsìnyí, kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ. Ní kí ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìwọ yóò rí i pé ọwọ́ òsì rẹ ni ó kọjú sí i. Síbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹni tí ó ni ara ni ó ni ọ̀tún àti òsì, kì í ṣe ẹni tí ó ń wò ó. Bí dókítà bá gbàgbé èyí, ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan ni yóò là! Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sàmì sí ara aláìsàn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ.

Láti ara ni èdè wa ti mú púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Orí ló wà nínú "lórí", ẹ̀yìn ló wà nínú "lẹ́yìn", inú ló sì wà nínú "nínú". Nítorí náà, má ṣe dákẹ́ bí wọ́n bá bi ọ́. Sọ pé, "Ìsàlẹ̀ ìdodo ni, ní apá ọ̀tún."

Ìdánrawò
1. Apá wo ni ẹ̀dọ̀ wà?
2. Dárúkọ ẹ̀yà ara méjì tí ó wà lẹ́yìn.
3. Bí o bá kọjú sí olùkọ́ rẹ, etí rẹ wo ni ó wà ní ọ̀kánkán etí òsì rẹ̀?