Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́, ọmọ Èkìtì tó ń ta ṣẹ́lò àti kórà

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́ sí ní 1972. Agbẹ́gilére àti akéwì ni bàbá rẹ̀, Emmanuel Táíwò Jẹ́gẹ́dẹ́, ọmọ Ayégbajú ní Èkìtì. Bàbá yìí a máa ṣiṣẹ́ ní Keskidee, ibùdó iṣẹ́ ọnà tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù ní 1971. Ibẹ̀ ni etí ọmọ náà ti kọ́kọ́ ṣí sí kórà.

Ṣẹ́lò ni ohun èlò orin rẹ̀ kejì. Ẹni tó bá ti rí onígòjé láàárín àwọn onísákárà ti rí ìbátan ṣẹ́lò. Ọrun tí wọ́n fi irun ìrù ẹṣin ṣe ni wọ́n fi ń ha àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n okùn kan ni gòjé ní, mẹ́rin ni ti ṣẹ́lò. Ṣẹ́lò tóbi débi pé elére ní láti jókòó, kó há a sáàárín eékún méjèèjì, kí irin ìdí rẹ̀ sì gúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọkùnrin tó ń kọrin láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun.

Kórà kò fẹ́ ọrun. Ààbọ̀ igbá ńlá tí wọ́n fi awọ màlúù bò ni, okùn 21 ló wà lórí rẹ̀, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ méjèèjì ló ń ta á.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Purcell nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Guildhall lẹ́yìn náà, níbi tó ti kọ́ ṣẹ́lò, ìwé orin ló wà níwájú Túndé. Ní Gáḿbíà, lọ́dọ̀ Amadu Bansang Jobarteh tó kọ́ ọ ní kórà, kò sí ìwé: bí àgbà ta á, ọmọ a gbọ́, a sì ta á padà. Jálì (griot) ni àgbà yìí, irú àwọn tó jọ arọ́kin Ọ̀yọ́, tí ìtàn ọba wà lẹ́nu wọn láti ìran dé ìran.

Ní 1994, Jẹ́gẹ́dẹ́ kọ ìwé African Classical Music and the Griot Tradition. Àkọlé náà nìkan ti tó àríyànjiyàn, nítorí orin Yúróòpù nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní classical. BBC ṣe fíìmù Africa I Remember lórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún kejì. Nígbà tó yá, ó di olùdarí iṣẹ́ ọnà ní ibùdó orin MUSON, l'Ékòó.

Ọwọ́ rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sona Jobarteh, ti bẹ̀rẹ̀ kórà ní kékeré. Òun náà kọ́ ṣẹ́lò. Ọkùnrin nìkan ni ìdílé jálì máa ń fi kórà lé lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Lónìí, Sona ti dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Gáḿbíà.