Nígbà Tí Oògùn Kò Bá Jẹ́ Mọ́

Ogun kan wà tí orílẹ̀-èdè wa ń jà lójoojúmọ́, tí a kì í gbọ́ ìró ìbọn rẹ̀. Orí ibùsùn àwọn tí wọ́n wá gba ìwòsàn ni ó ti ń le jù. Àrùn àpò ìtọ̀ ni a ní lọ́kàn, àti àwọn kòkòrò rẹ̀ tí apá oògùn kò ká mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àtọ̀sí ni gbogbo ìtọ̀ tí ó bá ń ta ènìyàn. Àwọn mìíràn a máa dá ilé ìgbẹ́ lẹ́bi. Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Escherichia coli, kòkòrò tí ó sábà máa ń fa àrùn yìí, inú ìfun wa ni ó ń gbé láìṣe wá ní ibi. Ìgbà tí ó bá yọ́ dé ọ̀nà ìtọ̀ ni ó ń di ọ̀tá. Nítorí pé ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kúrú ju ti ọkùnrin lọ, àwọn obìnrin ni ó ń bá jà jù.

Ní ilé ìwòsàn, ọ̀nà mìíràn tún ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí àgbà ọkùnrin tí ìtọ̀ dí mọ́, ni a máa ń ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára kí ìtọ̀ lè máa gbà á jáde sínú àpò. Ohun rere ni rọ́bà yìí. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ tí a kò yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ewu ń pọ̀ sí i: àwọn kòkòrò a lẹ̀ mọ́ ọn, wọn a fi ohun yíyọ̀ bí ikun bo ara wọn, oògùn kò sì ní ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa. Ọwọ́ tí a kò fọ̀ a sì máa gbé wọn láti ibùsùn kan dé òmíràn.

Bí oògùn apakòkòrò bá wọ ara, àwọn kòkòrò aláìlágbára a kú, àwọn alágídí a ṣẹ́kù, wọn a sì máa bí sí i. Bí a bá wá ń lo oògùn níbi tí kò yẹ, tàbí ní ìwọ̀n tí kò tó, àwa fúnra wa ni à ń bá wọn tọ́ ọmọ.

Alexander Fleming, ẹni tí ó ṣàwárí pẹnisílínì ní London ní 1928, ti kìlọ̀ èyí nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Ó ní àkókò lè dé tí ẹnikẹ́ni yóò máa ra pẹnisílínì ní ṣọ́ọ̀bù, tí aláìmọ̀kan yóò lò ó ní ìwọ̀n tí kò tó, tí kòkòrò yóò sì di akin. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò wọ ayé létí. Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ̀ jáde ní 2022 ṣírò rẹ̀ pé kòkòrò alágídí pa 1,270,000 ènìyàn ní gbogbo àgbáyé ní 2019. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí ni ó ti pọ̀ jù ní ìwọ̀n iye ènìyàn: nǹkan bí 27 nínú 100,000.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé inú òkùnkùn ni a ti ń ja ogun yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ ìwé kan ní 2011 tí ó pè ní Divining Without Seeds, èyí tí Yorùbá lè pè ní dídá Ifá láìní ikin. Àìtó yàrá ìwádìí ní ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ń sọ. Bí a bá gbé ìtọ̀ aláìsàn lọ sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ a ó mọ orúkọ kòkòrò náà àti oògùn tí apá rẹ̀ ká a. Níbi tí kò bá sí, tàbí tí owó rẹ̀ ju agbára aláìsàn lọ, dókítà kò ní ju kí ó yìnbọn lu igbó, bóyá yóò ba ẹran.

Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2017. Iṣẹ́ ni a ń fẹ́ rí: kí ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan ní yàrá ìwádìí tí ń ṣiṣẹ́, kí a máa yọ rọ́bà ní ọjọ́ tí kò bá wúlò mọ́, kí a má sì ta oògùn apakòkòrò láìsí ìwé dókítà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa pé ogún àjọjẹ ni oògùn wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá lò ó nílòkulò lónìí, oògùn ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń bà jẹ́.